Ààrẹ Roosevelt àti Ilé-Èrò Omi Ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ní Warm Springs

Kò sí ọmọ ìlú wa tí ó kàwé dé ìwọ̀n àyè kan tí orúkọ Franklin Delano Roosevelt yóò ṣe àjèjì sí. Òun ni Ààrẹ kejìlélọ́gbọ̀n ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun nìkan ṣoṣo sì ni àwọn ará ilẹ̀ náà dìbò yàn sí ipò ńlá yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ní ọdún 1932, 1936, 1940 àti 1944. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wà láyé ní ìgbà ogun Hitler a máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Churchill àti ti Stalin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun ni a fẹ́ sọ nínú ìwé ti ọdún yìí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni ìtàn ilé-èrò onípákó kan tí ó ti ń wó lọ, ní ìgbèríko kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí ọkùnrin yìí bá ara rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, àti ohun tí ó fi ilé náà dá. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní ilé àti ní ẹ̀yìn odi bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni èyí kan ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú, kí ó jọ̀wọ́ fi sùúrù kà á dé ibi ọ̀rọ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì.

A bí Franklin Roosevelt ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1882 ní Hyde Park, ní ẹ̀bá odò Hudson, ní Ìpínlẹ̀ New York. Ọlọ́lá ni James bàbá rẹ̀. Ilé ọlọ́rọ̀ sì ni Sara ìyá rẹ̀ ti wá. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, a sì lè fi ojú inú wo irú ìkẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ó lọ sí ilé-ìwé Groton, ó lọ sí Yunifásítì Harvard, ó kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1905 ó gbé Eleanor ní ìyàwó, ẹni tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ìdílé Roosevelt. Ní ọdún 1910 wọ́n yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New York. Láti ọdún 1913 títí di ọdún 1920 ó wà ní ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọkọ̀ ogun ojú omi. Ní ọdún 1920 ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat fi í sílẹ̀ láti du ipò igbákejì Ààrẹ. Ìbò náà kò bọ́ sí i fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 38 ni, ó ga, ó lẹ́wà, ara rẹ̀ yá gágá, gbogbo ènìyàn ni ó sì gbà pé ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ yóò dára.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1921, nígbà tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń lo ìsinmi ní erékùṣù Campobello ní ilẹ̀ Kánádà, ó lúwẹ̀ẹ́, ó padà sí ilé, òtútù mú un, ó sì lọ sùn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn èyí tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́. Àwọn dókítà wí pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí ó sábà máa ń mú àwọn ọmọdé. Àwọn oníṣègùn kan ní òde òní ti jiyàn pé ó lè jẹ́ àrùn mìíràn, ṣùgbọ́n orúkọ tí a pe àìsàn náà nígbà náà ni ó darí gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó padà sí Hyde Park, kí ó máa jẹ ogún bàbá rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Eleanor ìyàwó rẹ̀ àti Louis Howe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n mú orúkọ rẹ̀ dúró nínú ìṣèlú ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà lórí àkéte, tí ó sì ń kọ́ bí a ti ń fi irin de ẹsẹ̀ àti bí a ti ń fi ọ̀pá abẹ́ apá dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 1924 ó fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti fa Al Smith kalẹ̀. Ìṣísẹ̀ mélòó kan péré ni, ṣùgbọ́n òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ọdún 1924 yìí kan náà ni George Foster Peabody, ọlọ́rọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ilé ìfowópamọ́, tí a sì bí ní Columbus ní Ìpínlẹ̀ Georgia, sọ fún un nípa ibì kan tí òun ní ìpín nínú rẹ̀. Ìletò kan ni, Bullochville ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ní ọdún náà gan-an ni wọ́n sọ ọ́ di Warm Springs. Peabody ròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àrùn yìí ti rọ ní ẹsẹ̀, tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ibẹ̀, tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá rìn. Ẹni tí ó ti gbìyànjú gbogbo ìwòsàn tí owó lè rà kò ní kọ ọ̀kan sí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, Roosevelt àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Warm Springs.

Ilé-èrò tí wọ́n bá níbẹ̀ ni Meriwether Inn. Ilé onípákó gàgàrà ni, tí a kọ́ ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó ní ilé-ìṣọ́ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ káàkiri. Ní ìgbà tirẹ̀, àwọn ọlọ́rọ̀ Georgia a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ láti sá fún ooru. Wọn a lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán, wọn a jó ní alẹ́. Nígbà tí mọ́tò dé, tí ènìyàn lè lọ síbi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ èrò dín kù. Ọ̀dà ara ilé bẹ̀rẹ̀ sí bó, pákó bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà, bí iná bá sì ràn mọ́ ilé náà, ta ni ìbá pa á? Nígbà tí Roosevelt dé, wọ́n ti ti hòtẹ́ẹ̀lì náà fún àkókò náà, nítorí náà inú ọ̀kan nínú àwọn ilé kéékèèké tí ó yí i ká ni ó wọ̀ sí. Eleanor sọ lẹ́yìn náà pé òun a máa rí ìmọ́lẹ̀ òde láti ojú ihò ara ògiri. Ohun tí ó tún bà á nínú jẹ́ ni pé òòyẹ̀ adìẹ ni wọ́n ń rà, wọ́n á sì pa á ní ẹ̀hìnkùlé kí wọ́n tó sè é. Àwọn ìyá wa yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá gbọ́ èyí.

Omi náà nìkan ni kò bàjẹ́ nínú gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí Òkè Pine a máa wọ inú ilẹ̀ lọ, jìnnà tó 3,800 ẹsẹ̀ bàtà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń mú un gbóná, yóò sì tún sun jáde ní ìsàlẹ̀ òkè, ní ìwọ̀n 88 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òtútù. Àwa tí a mọ Ìkògòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n sì ń pàdé, kò ní ṣòro fún láti gbà pé ilẹ̀ a máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe tan ara wa jẹ, kò sí oògùn kan nínú omi Warm Springs tí í jí ẹsẹ̀ tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n ara a máa fúyẹ́ nínú omi, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ a sì lè mì nínú omi. Nígbà tí omi náà kò sì tutù, ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Báyìí ni iṣan tí ó bá kù díẹ̀ lára fi ń ní agbára díẹ̀díẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan Roosevelt lè dúró nínú omi tí ó mù ún dé èjìká, ó sì ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ bí kò ti lè ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Oníwèé-ìròyìn kan láti Atlanta wá kọ ìtàn náà pẹ̀lú àwòrán, ìwé-ìròyìn káàkiri Amẹ́ríkà sì tún un tẹ̀. Nígbà tí Roosevelt padà wá ní ọdún 1925, àwọn arọ ti ń bọ̀ láìránṣẹ́ pè wọ́n. Kò sí dókítà tí ó dúró fún wọn níbẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí yàrá tí a pèsè. Àwọn mìíràn kò ní owó tí wọn yóò fi padà sí ilé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń san owó kò fẹ́ bá àwọn aláìsàn wọ̀nyí jẹun nínú gbọ̀ngàn kan náà, wọn kò sì fẹ́ bá wọn wọ omi kan náà, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé àrùn náà yóò ran àwọn àti àwọn ọmọ wọn. Bí ènìyàn bá jẹ́ oníṣòwò pọ́ńbélé, ó mọ ẹni tí yóò lé jáde nínú àwọn méjèèjì. Roosevelt kọ́kọ́ gbìyànjú láti tẹ́ tọ̀tún-tòsì lọ́rùn: ó ní kí wọ́n ya ibi ìjẹun sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn, ó sì ní kí wọ́n ṣe adágún ìwẹ̀ mìíràn fún wọn. Ṣùgbọ́n kò lé wọn. Òun fúnra rẹ̀ a máa wọ inú omi pẹ̀lú wọn, a máa fi bí a ti ń na ẹsẹ̀ àti bí a ti ń ká a hàn wọ́n, a sì máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni dókítà àgbà. Nígbà tí ó ṣe, àwọn àlejò ọlọ́rọ̀ kò wá mọ́, àwọn aláìsàn ni wọ́n kù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1926 ó ra gbogbo rẹ̀: hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ilé kéékèèké, àwọn ìsun omi, àti ilẹ̀ tí ó tó 1,200 éékà. Iye tí ó san tó 200,000 dọ́là, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rù, nítorí ọmọ márùn-ún ni wọ́n ní tí wọn yóò rán lọ sí ilé-ìwé. Basil O'Connor tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò pọ̀ rò pé ó ti ṣìnà. Àwa náà rò pé bí a bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ Eleanor ni à bá dúró sí. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Ó mú Dókítà LeRoy Hubbard wá láti New York, pẹ̀lú Helena Mahoney tí ó mọ iṣẹ́ mímú iṣan ara lágbára. Wọ́n fi oṣù mélòó kan tọ́jú aláìsàn 23, wọ́n ń wọn agbára iṣan wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà dókítà eegun yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, wọ́n fi ọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ní ọdún 1927 ó sì di ilé ìtọ́jú tí kì í wá èrè, tí a ń pè ní Georgia Warm Springs Foundation.

Ní ìta Warm Springs, Roosevelt a máa ṣọ́ra kí àwọn ènìyàn má rí bí wọ́n ti ń gbé e sínú mọ́tò tàbí bí ó ti jókòó nínú kẹ̀kẹ́ arọ. Ní Warm Springs kò fi nǹkan kan pamọ́. Níbẹ̀ arọ ni gbogbo ènìyàn, ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé, wọ́n ń ta káàdì, àwọn kan pàdé níbẹ̀ wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Ẹni tí wọ́n ti fi pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn ní ilé bàbá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ yóò dé ibẹ̀, yóò sì rí i pé wọ́n ń retí kí òun náà sọ̀rọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Lójú tiwa, èyí ṣe wọ́n láǹfààní tó ti omi náà.

Ó tún ṣe mọ́tò kan tí a lè fi ọwọ́ nìkan wà, ó sì ń fi í kiri gbogbo ojú ọ̀nà eléruku agbègbè náà. Yóò dúró lẹ́bàá oko, yóò bèèrè iye tí òwú ń pa, yóò bèèrè ìdí tí ilé-ìwé fi tì. Báyìí ni ọmọ ọlọ́lá láti etí odò Hudson fi kọ́ ohun tí òṣì jẹ́. Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tí a ṣèlérí nìyí. Nígbà tí wọ́n mú ìwé owó iná ilé kékeré rẹ̀ wá fún un ní Warm Springs, ó rí i pé sẹ́ǹtì 18 ni wọ́n ń gbà lórí ìwọ̀n kan, bí ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ó ń san ní Hyde Park. Ní gbogbo àgbègbè rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kò tilẹ̀ ní iná rárá, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ oníná kò rí èrè nínú fífa wáyà lọ sí oko. Ó sọ ní gbangba ní ọdún 1938 pé ìwé owó iná yẹn ni ó jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ sí ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, nígbà tí oko tí ó ní iná ní Amẹ́ríkà kò ju bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá lọ, ó dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ tí yóò máa yá àwọn ará oko lówó. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n yá owó náà, wọ́n ri òpó, wọ́n fa wáyà, wọ́n sì ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pé 25 ọdún tí iná fi dé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú oko ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ti gbé àpò owó ìdáwó rí yóò mọ bí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tó.

Warm Springs ni ó wà nígbà tí wọ́n pè é lórí tẹlifóònù ní ọdún 1928 pé kí ó wá du ipò gómìnà New York. Kò fẹ́, ó ní òun ṣì fẹ́ fi ọdún díẹ̀ sí i tọ́jú ẹsẹ̀ òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, ó sì wọlé. Láti ibẹ̀ ó di Ààrẹ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1933. Ní ọdún náà ni wọ́n wó Meriwether Inn. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: àwọn ará Georgia dáwó jọ, wọ́n kọ́ Georgia Hall dípò rẹ̀, ilé funfun tí ó ní òpó gígùn, tí kò sì sí àtẹ̀gùn tí yóò dí kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́. Ilé tí Roosevelt kọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní ọdún 1932 kò ju yàrá mẹ́fà lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní Little White House.

A kò ní fi apá kejì ìtàn yìí pamọ́ fún yín. Àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ń se oúnjẹ ní Warm Springs, àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń tún yàrá ṣe. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá mú ọmọ tiwọn, kò sí àyè fún un nínú omi yẹn. Òfin ìyàsọ́tọ̀ Georgia le ní ìgbà náà, àwọn dókítà kan sì ń tan irọ́ kálẹ̀ pé àrùn náà kì í sábà mú ènìyàn dúdú. Roosevelt tí ó kọ̀ láti lé arọ jáde nítorí àlejò olówó kò lo irú ìgboyà kan náà sí òfin àwọ̀. Àwọn adúláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń dáwó fún ilé ìtọ́jú tí kò gbà wọ́n. Ní ọdún 1939 ni àjọ tí ó dá sílẹ̀ láti bá àrùn náà jà fún Tuskegee ní Alabama lówó, ní oṣù kìíní ọdún 1941 sì ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ dúdú níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì dúdú. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe ní Tuskegee, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé, ìlẹ̀kùn Warm Springs ni ó sì yẹ kí a ti kọ́kọ́ ṣí.

Owó ìdáwó tí a wí yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí Ààrẹ ní ọdún 1934, nígbà tí àwọn ènìyàn jó ní ìlú púpọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà láti fi kó owó jọ fún Warm Springs. Ní ọdún 1938 ó di àjọ ńlá tí Basil O'Connor, ẹni tí ó bẹ̀rù ní ọdún 1926, jẹ́ olórí rẹ̀. Eddie Cantor apanilẹ́rìn-ín ní kí olúkúlùkù fi sẹ́ǹtì mẹ́wàá péré ránṣẹ́ sí Ààrẹ. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ẹyọ owó tí ó ya wọ ilé ìjọba nínú àpò lẹ́tà.

Ìgbà 41 ni Roosevelt lọ sí Warm Springs láti ọdún 1924. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1945. Ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní Yúróòpù, ara rẹ̀ sì ti gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, bí Elizabeth Shoumatoff ti ń kun àwòrán rẹ̀, ó di orí mú pé ẹ̀yìn orí ń dun òun gidigidi, ó sì ṣubú lu àga. Ẹ̀jẹ̀ ti ya nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó kú ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 35, ní ẹni ọdún 63. Oúnjẹ ọ̀sán tí Daisy Bonner, obìnrin dúdú tí ó ń dáná fún un, ti sè kò kan ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti ń gbé òkú lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n dúró díẹ̀ níwájú Georgia Hall níbi tí àwọn aláìsàn jókòó sí nínú kẹ̀kẹ́ arọ wọn. Graham Jackson, ọkùnrin dúdú tí ó ti lu orin fún un lọ́pọ̀ ìgbà, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú dùùrù àgbékọ́rùn, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Àwòrán tí a yà nígbà náà ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní gbogbo ayé.

Ẹsẹ̀ Roosevelt kò san. Láti ọdún 1921 títí ó fi kú, kò dá rìn nílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá mẹ́wàá yẹn ni ó gbé ìwádìí Dókítà Jonas Salk ró, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1955, tí ó pé ọdún mẹ́wàá géérégé tí Roosevelt kú, ni a sì kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Dókítà Albert Sabin ṣe èyí tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu lẹ́yìn náà. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé kiri ojúlé dé ojúlé ní ìlú wa. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó kẹ́yìn ní Áfíríkà tí oríṣi àrùn náà tí í jà láàyè fúnra rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ní Borno ni a ti rí ti ìkẹyìn ní Nàìjíríà ní ọdún 2016, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a sì jẹ́rìí pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Atlanta lè dé Warm Springs láàárín wákàtí méjì. Kò ju bí àádọ́rin máìlì lọ. Little White House ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1948. Mọ́tò tí a ń fi ọwọ́ wà wà níbẹ̀, àwòrán tí Shoumatoff kò parí wà níbẹ̀, ohun tí Daisy Bonner sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ sára ògiri ilé ìdáná, pé òun ni òun se oúnjẹ àkọ́kọ́ àti oúnjẹ ìkẹyìn Ààrẹ ní ilé náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn adágún ìwẹ̀ àtijọ́ ti gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ tí àlejò lè ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú omi tí ó ń sun láti abẹ́ Òkè Pine.